Ọ̀gá Sọdá-Títì

Bàbá mi ló ń kọ pátákó ìsọ̀ ládùúgbò wa, ó ti lé lógún ọdún. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Sọdá-Títì. Kò sí pátákó tó kọ rí tí kò ní kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fà, kó sọdá sí òdìkejì títì, kó sì lóṣòó máa wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Á padà, á nù ún, á tún un fà. Orúnkún rẹ̀ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ náà.

Látìgbà tí àwọn èèyàn ti ń fi fóònù ya pátákó, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà, ẹsẹ̀ ti dá níwájú ìsọ̀ wa. Èmi alára ti ya mẹ́ta fáwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi wọ́n pamọ́ fún Bàbá bí ẹni jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ní Fúráìdé, ó fi bébà wé àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Lọ́la, mo máa dá kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yìí padà fún onílé. Ó ti sú mi."

"Ṣé títì ló sú yín ni àbí ọ̀dà?"

"Ẹnu rẹ á kó bá ọ lọ́jọ́ kan." Kò rẹ́rìn-ín.

Àfi bí aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ṣe gbé pátákó rọ́bà wọlé. Ó fúnra rẹ̀ yà á lórí fóònù: òdòdó, obìnrin mẹ́rin, lẹ́tà tín-ín-rín tó ń jó.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi kàn án mọ́ ògiri. Àbí kò rẹwà?"

"Ó rẹwà." Òótọ́ ni. Bàbá kàn án, ó sọdá, ó lóṣòó. Àwa náà tẹ̀ lé e.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Bàbá bi í.

Aránṣọ di ojú kan. "Yéè! Ṣé òdòdó nìyẹn àbí àwo tó fọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíì fún mi."

"Ìwọ ni kó tún un yà. Èmi á máa wò ó."

Nínú ìsọ̀ aránṣọ, Bàbá gbé fóònù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n lóṣòó. Ẹ̀ẹ̀meje! Obìnrin mẹ́ta lọ, òdòdó lọ, lẹ́tà sanra. Èyí tó jáde dáa ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bàbá lọ. Òun náà rí i.

"Èmi ò lè ya irú obìnrin yìí láyé," ó ní, ó sì mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dá kọ́kọ́rọ́ náà padà lóòótọ́. Bẹ́ǹṣì nìkan ló gbé kúrò níbẹ̀, òdìkejì títì ló sì gbé e lọ. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa sọdá. Kí àwọn tó ní fóònù máa sọdá wá bá òun.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo gbé fóònù mi sí etí bẹ́ǹṣì, pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi pamọ́ sì wà lójú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Sún sẹ́yìn," ó ní. "Lóṣòó."