Awò Olójú Méjì tí Lorraine Lọ Yàn

Kámẹ́rà olójú méjì ni Orrin, ọkọ Lorraine Tveit, ń lò nígbà ayé rẹ̀. Á ya nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Tí èèyàn bá wá fi awò olójú méjì wò ó, àwòrán méjèèjì á di ọ̀kan, ohun inú rẹ̀ á sì yọ síta bíi kí èèyàn nawọ́ gbá a mú. Lẹ́yìn tí Orrin kú, àwọn àwòrán náà ló kù fún Lorraine, ṣùgbọ́n awò ilé wọn ti fọ́ tipẹ́. Bó ṣe gba ṣọ́ọ̀bù Wendell Kozak lọ nìyẹn, ọkùnrin tó ń ta nǹkan àtijọ́ nílùú Duluth, ní Amẹ́ríkà.

Wendell to awò mẹ́rin síwájú rẹ̀. Ó ní kó má wo ìta wọn, dígí inú wọn ni kó wò, torí òmíràn ń dán lóde, inú rẹ̀ ti bu. Lorraine mú aláwọ̀ igi, ó ki àwòrán Orrin bọ̀ ọ́, níbi tó dúró lórí adágún omi tó ti di yìnyín, tòun ti ẹja lọ́wọ́. Àwòrán náà lẹ̀ pẹrẹsẹ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó mú èkejì, bákan náà. Ó mú ẹ̀kẹta, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, èéfín kan ṣáà ń bò ó nísàlẹ̀. Báyìí ni àìsàn ojú ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ní iná ilé ti ń ṣú, kí ayé tó ṣú mọ́ ọn lójú pátápátá.

Ó ní, “Kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Wendell gba ẹ̀kẹta, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Mà, ẹja yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún yín.”

Ó bò ó. Ó rí iwájú orí Wendell, àmọ́ kò rí ẹnu rẹ̀.

“Kí lẹ rí?”

“Bí ẹni ta aṣọ dúdú. Má bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. N ò mọ̀.”

Ojú ọ̀tún ló ti ń bo àṣírí òsì. Wendell ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́nà, Lorraine ń bo ojú kan, ó ń ṣí i, bóyá aṣọ náà á ká kúrò. Dókítà ní awọ tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ṣí kúrò láyè rẹ̀, ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kó máa dojú bolẹ̀ títí ibẹ̀ á fi san. Bó ṣe dojú bolẹ̀, kò rí nǹkan kan ju kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì ń bẹ̀rù pé ìyẹn lòun máa rí kẹ́yìn láyé.

Ojú náà là, ṣùgbọ́n kò là tán. Lorraine padà lọ yan awò kẹrin, èyí tó ní gílóòbù nínú, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Orrin yọ síta díẹ̀, bí ẹni tó wà lẹ́yìn omi. Ó tó o.

Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún un pé awọ ti ojú ọ̀tún náà lè ṣí kúrò láyè rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á jókòó sétí ibùsùn, á bo ojú kan, á bo èkejì, á máa wò títí yóò fi rí gbogbo fèrèsé tán.