Imọ̀ Ọ̀pẹ Orí Ibùsùn Ànú

Lórí ìjókòó tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Warri ni Ìyá Ànú máa ń jókòó báyìí, nítòsí ilẹ̀kùn. Adébímpé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ń ta aṣọ ọmọdé ní Airport Road, Ogunu ló sì ń gbé. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdìròkò lọ́dún tí àìsàn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀. Orí fóònù ló kù tí tọkọtaya ti ń gbóhùn ara wọn.

Ànúolúwapọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Oògùn tí wọ́n fi ń lé jẹjẹrẹ náà kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá: bó ṣe ń pa àrùn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbèjà ọmọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó lọ ilé, pé kó ṣọ́ra fún ohunkóhun tó bá bu. Ó ní ohun funfun tó ń hù lára búrẹ́dì àná àti lára ògiri tó rin, ẹbí olú ni. Irúgbìn rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, gbogbo wa là ń fà á símú, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ọmọ ogun, ó lè ta gbòǹgbò.

Obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó kó ẹní jáde, ó kó òdòdó inú ìkòkò fún aládùúgbò, ó fọ ògiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé wá kí wọn. Àwa ará ìjọ gbọ́. A ń dúró lẹ́yìn fèrèsé, a ń juwọ́, a ń bá tiwa lọ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ dá lójú fèrèsé náà.

Ohun kan ṣoṣo ni Adébímpé kò yọ. Imọ̀ ọ̀pẹ ni, èyí tí Bàbá Babátúnjí, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wa, fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri lókè ibùsùn ọmọ náà ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí dókítà tó kìlọ̀. Nínú ìjọ tiwa, imọ̀ náà kì í kúrò lára ògiri títí di Ọjọ́rú Eérú ọdún tó tẹ̀ lé e, tí a ó kó gbogbo rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti sun. Adébímpé fọ ògiri, ó fọ yí i ká. Lójú rẹ̀, kì í ṣe ara ẹrù ilé.

Òjò Warri kò sì mọ ohun tí à ń pè ní mímọ́; ó ń rin wọ inú ògiri náà.

Nínú oṣù Keje, ara Ànú gbóná, oògùn kò ràn án, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, dókítà ní ẹbí olú yẹn ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọn yóò dá oògùn jẹjẹrẹ dúró ná. Bí èyí kò bá lọ, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ padà sí ti jẹjẹrẹ. Ìyá béèrè bóyá ọmọ yóò yè. Wọ́n ní àwọn yóò sa ipá àwọn.

Nọ́ọ̀sì kan bi í pé kí ló kù nínú yàrá ọmọ nílé. Bí ìyá ṣe ń ka gbogbo ohun tó ti kó dànù, Ànú lanu lórí ibùsùn, pẹ̀lú Pidgin tó fi máa ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn:

"Mummy, na dat palm wey Baba nail. E dey smell like old garri."

"Láti ìgbà wo?"

"Since. You say make I no touch am, say na God own."

Adébímpé pe Bàbá Babátúnjí. Ohùn àgbàlagbà náà tutù. "Ìyá Ànú, ẹ má yọ ọ́ o. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá nìyẹn."

"Bàbá, ọmọ mi kò rí èémí mí dáadáa."

"Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Adébímpé nìkan ló padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gun àga. Bó ṣe fa imọ̀ náà, lẹ́búlẹ́bú funfun dà sí i lójú; ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, ó hu irun bí awọ ẹran. Ó sọ fún mi pé àdúrà kankan kò wá sí òun lẹ́nu. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì sun ún lẹ́yìnkùlé, láìdúró de Ọjọ́rú Eérú.

Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ló ti wá. Lásìkò òjò, ibi gbogbo ló ń bu. Kò tu ìyá nínú.

Ìjọ gbọ́ pé ó sun imọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. A kàn dẹ́kun pípe orúkọ Ànú nígbà àdúrà fún àwọn aláìsàn. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo sàn. Mi ò tíì ṣíwọ́ gbígbà á. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ fo orúkọ náà, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ètè Ìyá Ànú tó ń pè é láìlóhùn. Mi ò mọ ta ni Ọlọ́run ń gbọ́ nínú wa.

Omi oògùn tó ń pa ẹbí olú náà ni wọ́n ń fà sí Ànú lára lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Nígbà tó pẹ́, ara rẹ̀ rọlẹ̀, fọ́tò àyà sì fi hàn pé nǹkan náà ń dín kù. Dókítà ní kí ìyá àtọmọ lọ sílé sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó padà sí oògùn jẹjẹrẹ.

Wọ́n ti kun ògiri lọ́dà. Ìṣó nìkan ló kù. Ànú dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń wò ó.

"Mummy, who go come dey watch me now?"

"Ọlọ́run ni."

Ọmọ náà rò ó wò. "You sure?"

"Sùn," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó jókòó, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀.