Ọtí Tí Mo Fi Dán Àna Mi Wò

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ilé oúnjẹ ni ibẹ̀. Ilé ọtí ni. Ẹni tó kọ́ ọ pẹ́ nílùú òyìnbó, nígbà tó sì padà dé sí Ìlaròó, kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ju kó máa pọn ọtí ọkà bàbà lọ. Ó to àwọn àgbá ńláńlá tó ń dán yinrin, tó fi ń pọn ọ́n, sẹ́yìn gíláàsì kí gbogbo ayé lè máa wò wọ́n. Ọtí tí àwọn ìyá àtijọ́ ń pọn nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, tí ẹnì kankan kò ka àwọn tó ń pọn ọ́n sí! Ní báyìí, àwọn èèyàn ń ti Ayétòrò àti Ìmàṣàyí wá, wọ́n á fara ti àgbá ọtí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ń jẹ ayé.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ní kí n wá bá òun jẹun ìrọ̀lẹ́.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi jẹ́ kátíkísì, a kì í sì í gbé ọtí wọ ilé wa, àní lọ́jọ́ Kérésì. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọkùnrin tó mú wá yìí, ará Tube ni, létí bọ́dà, ó ń ta àgbàdo fún àwọn ará Kùtọnù. Ọmọ ààfáà ni. Ìyẹn kò dùn mí, nítorí Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹbí tiwa náà. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọmọ ààfáà mọ ọ̀nà ilé ọtí débi tó fi ń pe ìyá ìyàwó síbẹ̀. Ọmọ mi sì ti sọ fún mi pé bí n kò bá fọwọ́ sí i, òun kò ní fẹ́ ẹ, òun kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Mo mọ ọmọ mi, kì í sọ̀rọ̀ lásán. Mo wá pinnu pé oúnjẹ yìí ni n ó fi mọ irú ẹni tí ọmọkùnrin náà jẹ́.

Nígbà tí mo dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn. Mo ní nínú ọkàn mi pé àṣehàn ni. Ó ní ọmọ mi ti pè, pé ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti Abẹ́òkúta bàjẹ́ lọ́nà, kí a máa jẹun. Wọ́n gbé mi gun àga kan tó ga débi pé ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo jókòó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Wọ́n kó gílóòbù iná sínú agbọ̀n, wọ́n fi kọ́ sókè, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni. Orí pákó ni wọ́n gbé ẹja àrọ̀ sí wá fún wa. Nílé tiwa, orí pákó la ti ń gé ẹran, a kì í jẹun lórí rẹ̀. Fóònù ọmọkùnrin náà dún, ó sì fi èdè Faransé dáhùn. Mo yínmú.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá béèrè ohun tí a ó mu. Ọmọkùnrin náà ní móòtì ni kí wọ́n gbé fún òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pòṣé. Móòtì! Nítorí pé mo jókòó síwájú rẹ̀ ni.

Mo ní, “Ẹ gbé ọtí tí ẹ̀ ń pọn yẹn wá fún mi. Ife ńlá ni kí ẹ fi gbé e.”

Ọmọkùnrin náà wò mí fìrí, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọtí dé, ó ń hó. Mo tì í sí iwájú rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àgbà lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Yewa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo pè mí wá?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ó dáa. Bá mi tọ́ ọ wò.”

Pàkúté ni mo dẹ, kí n má parọ́. Bó bá mu ún, ọ̀mùtí alágàbàgebè ni. Bí kò bá mu ún, aláìlẹ́kọ̀ọ́ tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Èyíkéyìí tó bá ṣe, mo ti mú un.

Ó wo ife náà títí. Ó sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́, n kò gbọ́ ọ. Ó wá gbé e, ó mu ẹnu kan, ó gbé e mì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún mi.

“Kò sí nǹkan nínú ẹ̀, Màmá.”

Inú mi dùn. Mo gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò fẹnu kàn án. Ó rí i. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Èmi jẹ ẹja tèmi. Ó dùn, mo sì bínú pé ó dùn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó bá ọmọ mi sọ nígbà tí òun náà wọlé dé.

Ọmọkùnrin náà ti dìde lọ sídìí ẹ̀rọ omi nígbà yẹn, ó ń fi omi yọ ẹnu, ó yọ ọ́, ó tún yọ ọ́.

Ọmọ mi ní, “Màmá, kí ló ṣe é?”

“Ọtí ló mu.”

“Ọtí kẹ̀? Kò mu ọtí rí láyé ẹ̀. Ta ló fún un?”

Ọmọkùnrin náà padà wá, omi ṣì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mi bi í, ó sì ní, “Màmá ní kí n bá àwọn tọ́ ọ wò. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mu ún ni.”

“Kí ló dé tóò kọ̀?”

“Ìyá ẹ ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rán mi níṣẹ́ nìyí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀?”

Ọmọ mi yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, “Màmá, èmi ni mo ní kó mú yín wá síbí. Mo ní ẹja wọn dáa, ẹ sì fẹ́ràn ẹja.”

Ojú gbà mí tì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọmọkùnrin náà ní kí n má bínú, àmọ́ bàbá òun yóò béèrè bí oúnjẹ ṣe lọ, òun kì í sì í parọ́ fún un.

Ẹbí ọkọ ló ń wá tọrọ ìyàwó nílẹ̀ wa. Ìyá ìyàwó kì í ṣáájú lọ bá wọn nílé. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Tube. Mo bá ààfáà náà lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti pàkúté tí mo dẹ. Nígbà tí mo sọ tán, ó bi mí pé,

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mu nínú ẹ̀?”

“Rárá, Bàbá. N kì í mu ọtí.”

“Ẹ̀yin kì í mu ọtí,” ló wí. “Ọmọ mi náà kì í mu ún. Ta wá lẹ ní kó bá tọ́ ọ wò?”

Èmi tí mo rò pé ọwọ́ mi ni ìdáhùn lórí ìgbéyàwó yìí wà, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, tí mo ń dúró de tirẹ̀.