Ọjọ́ tí Don Nereo Gbé Àga Wọ Pápá

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú Los Cajuiles léèrè nípa olóògbé Don Nereo Encarnación, ọ̀rọ̀ àga ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà, tí Don Nereo jẹ́ olùkọ́ wọn, ń bá àwọn ará Guayabal gbá bẹ́sìbọ́ọ̀lù. Leuris, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló dúró lórí òkìtì tó ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn tó di igi mú. Ọwọ́ ọmọ náà gùn, ó sì lágbára, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń han bí ọta ìbọn. Ibi tó ń lọ nìkan ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Leuris alára kò mọ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Guayabal ti ní àmì méje, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò tíì fi igi kan nǹkan kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ṣìnà nígbà mẹ́rin, òfin ní kí ẹni tó di igi mú kọjá, àwọn náà sì ń rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń najú. Bọ́ọ̀lù kan tiẹ̀ fo ọgbà kọjá, ó já ṣọ̀ọ́ sínú epo tí Doña Mirelis fi ń dín yaniqueque, àkàrà ìyẹ̀fun tó ń tà. Doña Mirelis yìí ni ìyá Leuris.

“Leuris!” ni obìnrin náà figbe bọnu. “Ṣé èmi náà ti di ará Guayabal ni?”

Gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò. Don Nereo dìde lábẹ́ ibòòji. Ó gbé àga rẹ̀ tó máa ń mì síwá-sẹ́yìn nílẹ̀, ó gbé e karí, ó sì rìn lọ sórí pápá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, ó jókòó, ó yọ ọ̀bẹ àti ọsàn kan jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Tavito tó jẹ́ rẹfirí sáré dé.

“Don Nereo, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Mo jókòó ni.”

“Mo rí i pé ẹ jókòó! Kí lẹ ń dúró dè?”

“Leuris ni mo ń dúró dè. Kò tíì dé.”

“Òun ló dúró níwájú yín yìí!”

“Ara rẹ̀ lo rí yẹn,” ni Don Nereo wí, ó sì na awẹ́ ọsàn kan sí ọmọ náà. “Òun gan-an ṣì wà lọ́nà.”

Tavito lé e jáde. Don Nereo kò bá a jà. Ó dìde, ó gbọn èèpo ọsàn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wá béèrè pé ibo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí àga náà bá òun jáde. Tavito ṣí ìwé òfin síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, kò rí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ àga. Bí àga náà ṣe dúró níbẹ̀ nìyẹn tí ìpele náà fi parí, tí atẹ́gùn ń mì ín, tí Leuris sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Guayabal na Los Cajuiles ní mẹ́rìnlá sí méjì. Don Nereo ní eré náà dùn púpọ̀.

Kò sóhun tí ọkùnrin yẹn kánjú ṣe rí. Ogójì ọdún ló fi wa reluwé tó ń kó ìrèké lọ sí ilé-iṣẹ́, ó sì ń rọra wà á débi pé àwọn èrò ẹ̀yìn a máa bọ́ sílẹ̀ lọ ká gúáfà létí ọ̀nà, wọn a tún padà gùn ún. Àwọn kan a tilẹ̀ máa bínú pé kò jẹ́ kí àwọn ká tó.

Ti ìyàwó rẹ̀, Doña Eufemia, ló burú jù. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Don Nereo fi ń lọ jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ bàbá obìnrin náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí yóò mu kọfí, tí yóò kí gbogbo ilé, tí yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Níkẹyìn bàbá obìnrin náà fárígá.

“Nereo, ṣé ọmọ mi lo wá fẹ́ ni àbí kọfí mi?”

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá,” ni Don Nereo fèsì. “Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tó jẹ́.”

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Leuris bọ́ sí lọ́wọ́, ọmọ tí gbogbo ayé ti sọ pé kò lè mọ bọ́ọ̀lù jù. Peguero, ọ̀gá tó ń bójú tó owó ẹgbẹ́, wá bá a lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ àga.

“Don Nereo, ìgbà wo ni ọmọ yìí yóò mọ̀ ọ́n?”

“Ìrèké tẹ́ ẹ gbìn lóṣù tó kọjá ńkọ́, Ọ̀gá Peguero? Ṣé ẹ ti ń fi ṣúgà rẹ̀ po kọfí?”

“Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ìrèké.”

“Òótọ́ ni. Ọmọ ènìyàn pẹ́ jù ú lọ.”

Peguero ní bí nǹkan kò bá yí padà, Leuris yóò lọ. Don Nereo ní bí Leuris bá lọ, òun náà yóò tẹ̀ lé e, kí Peguero fúnra rẹ̀ wá máa kọ́ wọn. Peguero, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú, yára lọ sílé.

Àmọ́ Don Nereo náà kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Oṣù mẹ́rin ló fi ń wo ọwọ́ rẹ̀: ó wo ìka, ó wo èjìká, ó wo ìgúnpá. Ọjọ́ kan òjò mú wọn ní ìdárayá, wọ́n sá sí abẹ́ ibòòji, Leuris bọ́ bàtà kó lè da omi inú rẹ̀ nù. Don Nereo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti bó.

“Bàtà ta nìyí?”

“Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá mi ni. Ó kéré díẹ̀.”

“Díẹ̀? Leuris, ìgbà tó o bá ju bọ́ọ̀lù tó o sì gbé ẹsẹ̀ yẹn balẹ̀, ṣé ó máa ń dùn ọ́?”

“Ó máa ń dùn mí kí n tó gbé e balẹ̀ gan-an, Bàbá. Tí mo bá ti rántí pé mo máa gbé e balẹ̀ ni.”

Don Nereo fi ọwọ́ bojú. Lọ́jọ́ náà ló bọ́ bàtà tirẹ̀ fún un, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé nínú ẹrẹ̀, ó ń bú ara rẹ̀ lóhùn rara. Àwọn ará àdúgbò rò pé Peguero ló ń bú, wọ́n sì ń bá a ṣe “àmín.”

Bàtà Don Nereo dín ìṣìnà bọ́ọ̀lù kù, kò mú un kúrò pátápátá. Bí Leuris ṣe ń tọ̀nà lónìí, yóò tún fọ́n ọn ká lọ́la. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan ti Santo Domingo, olú-ìlú, dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó. Ó ní kí Leuris tẹ̀ lé òun, pé láàárín oṣù mẹ́fà òun yóò sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà yóò máa jà lé lórí.

“Apá rẹ kò tíì gbó,” ni Don Nereo wí. “Dúró.”

“Bàbá, ìgbà gbogbo lẹ máa ń sọ pé dúró! Ṣé ẹ fẹ́ kí irun mi funfun sórí òkìtì yẹn ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú. Leuris lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó padà dé, ìgúnpá rẹ̀ wú bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọjọ́ méjì ló fi sá pamọ́ sílé kí ó tó gbìyànjú láti lọ sí pápá. Don Nereo wà níbẹ̀, ó ń fi epo ra ìbọ̀wọ́ awọ. Kò gbójú sókè.

“O pẹ́,” ló wí. “Wá kó àwọn igi yìí jọ.”

Dókítà ní kó sinmi, ni Don Nereo bá kó gbogbo bọ́ọ̀lù sínú àpótí, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Ó ní kí Leuris máa rọra jù láìsí bọ́ọ̀lù. Ní àràárọ̀, ọmọ náà a gun orí òkìtì, a gbé ẹsẹ̀ sókè, a ju òfìfo. Don Nereo a lóṣòó níwájú, a máa ṣe rẹfirí.

“Ó ṣìnà!”

“Ó wọlé, Bàbá!”

“Ó ṣìnà, mo rí i. Ó gba ìta kọjá.”

“Ojú yín ni kò ríran!”

Wọ́n bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀ débi pé Leuris kò kí i fún ọjọ́ méjì. Doña Mirelis lọ bá àlùfáà, ó ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ òun. Àlùfáà wá wò wọ́n fúnra rẹ̀. Ó wo ìjù mẹ́ta, ó mi orí, ó ní èyí tó kẹ́yìn yẹn wọlé o.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí àpótí náà tó ṣí. Nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù mìíràn fi máa parí, Leuris dúró níwájú Guayabal, ó ju ìpele méje, bọ́ọ̀lù sì ń lọ síbi tó bá rán an. Los Cajuiles borí pẹ̀lú mẹ́ta sí òdo. Àwọn èrò ya wọ pápá, wọ́n gbé Leuris sókè, Peguero ń sunkún lọ́rùn Tavito. Leuris ń wá ojú kan ṣoṣo. Ó rí Don Nereo, ó na ọwọ́ sí i látòkè.

“Bàbá! Kí lẹ wí?”

“Ìpele kẹrin,” ni Don Nereo wí, “ẹsẹ̀ rẹ yá jù.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni Leuris fi ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ní olú-ìlú. Kò dé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó fi apá náà kọ́lé fún ìyá rẹ̀, apá náà kò sì dùn ún mọ́. Oṣù Kẹta tó kọjá ni Don Nereo kú, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi gbàdúrà fún òkú rẹ̀ bí àṣà wọn, tí kálukú ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀rín tí àwọn èèyàn ń rín pọ̀ ju ẹkún lọ, Doña Eufemia ló sì ń rín jù.

Leuris nìkan ni kì í sọ ìtàn tirẹ̀ fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú bàbá náà, ó lọ kí i láàárọ̀ kan. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo àwọn adìyẹ.

“Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nígbà yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé màá mọ̀ ọ́n?”

“Rárá o.”

“Rárá?”

“Mo rò pé o ò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Mo sọ fún Eufemia bẹ́ẹ̀.”

Leuris bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀, ó béèrè: “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi mí sílẹ̀ nígbà náà?”

Bàbá pa ojú dé, Leuris tiẹ̀ rò pé ó ti sùn.

“Tí wọ́n bá ti fi ọ́ ṣẹ̀sín tán,” ni Don Nereo wí, “mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ọmọ yìí ò ní wá lọ́la. O sì máa ń wá. Ó máa ń wù mí kí n tún rí bó o ṣe ń dé lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Doña Eufemia pè wọ́n láti ilé ìdáná pé mangú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn ti ń tutù. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì.