Yoo Tí Ọ̀gá Wa Gbọ́ Sí Yóò

Mo rántí ìgbà tí a máa ń dúró yí tábìlì kan ká láràárọ̀, nínú ọ́fíìsì kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù ní Circle, nílùú Accra, tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀. A kì í jókòó sí ìpàdé yẹn. Ọ̀gá wa ní bí èèyàn bá jókòó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá wà lórí ìdúró, ẹsẹ̀ á ro ó, á sọ ohun tó fẹ́ sọ, á sì gba ìdí iṣẹ́ lọ. Ètò orí kọ̀ǹpútà là ń ṣe fún àwọn ilé ìtajà oògùn, èyí tó máa ń sọ fún wọn oògùn tó kù nílẹ̀ àti èyí tó ti tán. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ẹni tó bá ti mọ kọ̀ǹpútà ti mọ ohun gbogbo tó yẹ ní mímọ̀.

Ìbàdàn ni àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà ti mú ọ̀gá wá láti máa darí wa. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, onígbàgbọ́ tí kì í jẹun láì pe ẹni tó wà nítòsí. Ọmọ Nima, àdúgbò kan ní Accra, ni èmi. Yorùbá ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n èdè Hausa àti Twi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnu mi tán. Ìyẹn ò ní kí ọ̀gá má sọ mí di àbúrò. Bí mo bá sọ Yorùbá mi tó wọ́, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún un sọ fún mi jẹ́jẹ́. Bí èyí tí ẹ ń kà yìí bá já gaara létí yín, òun ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ ọn níbi ìpàdé àárọ̀. Òyìnbó là ń sọ níbẹ̀, a sì ń fi Twi há a láàárín. Bí ọ̀gá bá béèrè pé ṣé iṣẹ́ báyìí á jáde lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ Gánà tó wà láàárín wa á dáhùn pé, "Yoo, boss." Ọ̀gá á wá wò mí, á ṣẹ́jú sí mi. Ó ní wọ́n ti ń kọ́ èdè wa láti fi bu ọlá fún òun. Yóò jáde ni wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n kàn ń jẹ ìyókù gbólóhùn náà mọ́ ẹnu ni. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, mo bá a rẹ́rìn-ín, n kò sì ronú sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì á dé, iṣẹ́ ò ní jáde. Bí ó bá sì jáde, á jáde tòun ti àléébù, tí yóò máa sọ pé oògùn ibà wà nílẹ̀ nígbà tí kò sí hóró kan. Àwọn oníbàárà á máa pe ọ̀gá lórí fóònù, wọn á máa bú u. Gbogbo ẹ̀bi náà kì í balẹ̀ síbòmíràn ju orí arábìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Gã, àwọn onílẹ̀ Accra, lọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dán ohun tí àwa yòókù bá ṣe wò kó tó jáde. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ ń gbẹ̀yìn sí, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń dà bíi pé iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun ló sì ń rán àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun máa dá arábìnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó bá di ọjọ́ Ajé. Ó ní òun lè fara da ẹni tí kò mọ iṣẹ́, òun á kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣèlérí lójoojúmọ́ tí kò sì mú un ṣẹ, òpùrọ́ ni. Inú rẹ̀ ò dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ gbé ìyá mi ní Nima. Mo ti sọ fún un láàárín ọ̀sẹ̀ pé mo fẹ́ kí a jọ lọ kí àwọn àna mi ní Madina, ó sì ti dá mi lóhùn. Nígbà tí mo dé, mo bá a lórí àpótí níwájú yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò wẹ̀, kò múra. Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní yoo."

Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Mo ní yoo, mo gbọ́ ohun tí o sọ. Ìgbà wo ni mo ní màá lọ?"

Mo ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ìyá mi tí wọ́n bí sí Accra, "yoo" tirẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, ti Gã àti Twi ni: mo ti gbọ́, ó parí. Èmi náà ti ń sọ ọ́ láti kékeré láì rò ó. Nígbà náà ni mo wá mọ̀ pé ọ̀gá wa kì í ṣe àwàdà. Ìlérí ló ń gbọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí fún un.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí ọ̀gá tó dé. Mo ṣàlàyé fún un bí Yorùbá mi ṣe mọ. Kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, òun sì ti ń dá ẹjọ́ yìí bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ó ní kí n pe arábìnrin náà wọlé, kí n sì dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi í pé kí ló ní lọ́kàn tó bá ti ní yoo.

Arábìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ń sọ fún yín pé mo ti gbọ́ ni, ọ̀gá. Ẹ ò bi mí rí bóyá ó ṣeé ṣe."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo wa ń kó iṣẹ́ wa já lé e lórí, a sì fẹ́ kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ọ̀gá bi mí bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni, èmi ni mo sì máa ń pẹ́ jù, nítorí mo fẹ́ kí tèmi dán ju ti gbogbo wọn lọ.

Kò dá a dúró. Ìpàdé ló tún ṣe. Kò béèrè mọ́ pé ṣé á parí lọ́jọ́ Ẹtì, "Kí ló kù?" ló ń béèrè. Ẹni tó dé kẹ́yìn sẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ọ̀gá ló sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. A wá ń fún arábìnrin náà ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò rọrùn lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn kan ṣì ń fi yoo dáhùn, ọ̀gá á ká ọwọ́ gbera, á dúró, títí òógùn á fi bo ẹni náà tí á sì sọ tòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wọlé tayọ̀tayọ̀, ó ní òun ti ṣèlérí iṣẹ́ tuntun fún oníbàárà ńlá kan, pé ọjọ́ Ẹtì yẹn ni yóò jáde. Arábìnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Rárá, ọ̀gá. Kò lè ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi," ó sì lọ pe oníbàárà náà. À ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo rò pé ọpẹ́ yẹn rọrùn fún un, nítorí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Arábìnrin náà ti di olórí àwọn tó ń dán iṣẹ́ wò ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Èmi náà ti ń darí àwọn èèyàn ní Madina, tí mo bá sì ń sọ ìtàn yìí fún wọn, ìgboyà arábìnrin yẹn ni mo máa ń yìn. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin tó dé kẹ́yìn sáàárín wa sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ etí mi gbóná, ó sì ṣe mí bíi kí n rán an létí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo pe ọ̀gá, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí gan-an.

Ó ní, "Ó dun èmi náà lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá bínú, ẹ ò tún ní sọ òótọ́ fún mi mọ́."

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn méjèèjì ni mo ń yìn.