Ṣúgà Inú Àpò Bàbá Mi

Bàbá mi ń ta ṣúgà ní ọjà Treichville ní Abidjan, ṣúgà onígun mẹ́rin inú páálí, pẹ̀lú ewé tíì àti wàrà inú agolo. Èyí tó bá fọ́ nínú páálí kò ṣeé tà. Àpò bùbá rẹ̀ ni ó ń wọ̀, èmi ni ó sì wà fún. Bí mo bá gbúròó bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa ní ìrọ̀lẹ́, màá sáré lọ kúnlẹ̀ kí i. Kí ó tó dáhùn, ọwọ́ mi ti dé inú àpò rẹ̀.

“Ìyá mi, ṣé èmi lò ń kí ni, àbí àpò mi?”

“Ìyá mi” ni Bàbá máa ń pè mí, nítorí pé ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún tí wọ́n bí mi sí Abidjan.

“Ẹ̀yin méjèèjì ni, Bàbá.”

Màá gbé ṣúgà náà sẹ́nu lórí ẹní, màá máa lá a títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Ìyá tó bí mi a máa kùn.

“Bàbá oníṣúgà, ẹ ó ba ẹnu ọmọ yìí jẹ́.”

“Ẹnu tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́? Ìdọ̀tí wo ni yóò ríbi jókòó sí níbẹ̀?”

Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàlá wa, ẹni tó bá ti fi omi àlùwàlá yọ ẹnu ti fọ ẹnu náà nìyẹn. A fi orín sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, àti fún àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1966, mo parí Àlùkùránì ní ilé-kéwú. Àlùfáà mú ọjọ́ wòlímọ̀ wa, ó sì yan ibi tí màá kà níwájú àwọn ènìyàn. Bàbá mi ti rán aṣọ funfun fún mi. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú. Ìyá mi fi kànáfùrù sí i, ó fún mi ní omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìrora náà á lọ, á tún padà. Bí mo bá lanu kàwé, á gbà mí dé inú etí.

Àlùfáà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ọmọ mi, bí kò bá san, ẹlòmíràn ni yóò ka tìrẹ. Kì í ṣe pé mo fi jẹ ọ́ níyà.”

Nígbà tí Bàbá mi gbọ́, kò lè jẹun alẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀, kò ṣí ìsọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì, a sọdá afárá lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní dispánsẹ́ẹ̀, ní àdúgbò Plateau.

Dókítà eyín náà kò gbọ́ Yorùbá, Faransé Bàbá mi kò sì kọjá ti ọjà. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ni mo di ògbufọ̀. Dókítà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ha ara eyín mi, ó sì fi ohun tó ha jáde hàn wá. Ó funfun, ó rọ̀, bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó ní kí n fi omi yọ ẹnu dáadáa. Mo yọ ọ́ bí mo ti ń yọ ọ́ fún àlùwàlá. Ó tún ha á, ìyẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó wá fi òwú nu eyín náà léraléra. Ó tún ha á, kò rí nǹkan kan mọ́.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú, ó ń wo irin náà.

Dókítà ní kí n sọ fún un pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú ohun funfun yẹn, kò sì sẹ́ni tí kò ní wọn lẹ́nu. Omi kàn ń ṣàn kọjá lórí wọn ni. Bí a bá jẹun, àwọn náà á jẹ, ohun kíkan sì ń ti ara wọn jáde, òun ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Sucre, ìyẹn ṣúgà, ni wọ́n fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí ọmọ bá fi sùn, nítorí itọ́ tí ì bá ṣan ẹnu kì í pọ̀ lójú oorun.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ṣúgà, mo ní, “Ó ní wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ.”

Bàbá mi wò mí. “Ìyá mi, parí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo gbọ́ sucre.”

“Bàbá…”

“Ohun tí mò ń tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé n kò ní í mọ orúkọ rẹ̀ ni?”

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó kó eérún ṣúgà tó wà níbẹ̀ jáde, ó sì kó o sórí tábìlì dókítà, bí ọmọ tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹyọ kan, ó ní kọfí òun ti ń wá a láti àárọ̀.

Kò yọ eyín náà. Ó fọ inú ihò rẹ̀, ó fi oògùn sí i, nígbà tí wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì lọ sílẹ̀, ó fi ohun kan tó dà bí fàdákà dí i. Ó ṣì wà lẹ́nu mi títí dòní. Bàbá mi ti lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí ahọ́n mi bá kàn án, mo máa ń dúpẹ́.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, èmi àti Bàbá mi a jókòó lórí ẹní, a ó máa fi orín àtà ra eyín.

“Ẹ̀yìn pátápátá ńkọ́? Ibẹ̀ làwọn àlejò rẹ ń gbé,” ni Bàbá mi á wí.

“Ẹ wá wo bàbá oníṣúgà tó di bàbá olórín!” ni ìyá mi á wí.

Àlùfáà rán Bàbá létí pé Ànábì wa fẹ́ràn orín púpọ̀. Bàbá mi mi orí. “Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, Àlùfáà. Mo rò pé omi tó ni.”

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, mo la ẹnu mi gbàgà, kò sí ohun tó ro mí. Ojú Bàbá mi wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi bí mo ti ń kà á. Nígbà tí mo parí, ìyá àgbà kan tó ti ìlú Anyama wá fi tọ́fì kún ọwọ́ mi.

“Ẹ ṣeun, Ìyá,” ni Bàbá mi wí, ó sì gba ìdajì. “Ẹ jẹ́ kí n bá a jẹ ẹ́. Eyín tèmi ti darúgbó, bíbàjẹ́ kò jẹ́ tuntun lójú rẹ̀ mọ́.”

Ẹ̀rín sọ. Mo ti ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe. Orín kan ló wà níbẹ̀, Bàbá ti bá mi bó orí rẹ̀.