Egbò Tó Yá Jiná Jù

Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ta ẹja rí láyé rẹ̀. Màmá tó bí i ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní òun rán ọmọ níwèé títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wá lọ di ìyá ẹlẹ́ja, ẹja ọ̀hún kò sì tó èyí tí ológbò yóò yà sí. Ẹ̀rín ni ọmọ máa ń fi dá a lóhùn, nítorí ẹja yẹn ló fẹ́ fi gba oyè dókítà.

Ẹja onílà ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Inú yàrá kan tó máa ń móoru, tí omi kì í yé dún níbẹ̀, ni wọ́n to táǹkì wọn sí. Ọmọ wọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin mọ́ bíi gíláàsì. Èèyàn lè máa wo ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù. Bí Ìyá Ẹlẹ́ja bá fi abẹ́rẹ́ ha irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nírù, yóò rí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí a bí mọ́ ara, tí wọ́n ń tàn bíi tanátaná lábẹ́ maikirosikópù, tí wọ́n ń sáré lọ síbi egbò. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á yí padà, egbò á sì san. Ṣùgbọ́n ìran ẹja kan wà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ jáde, tí àwọn ọmọ ogun wọn kì í padà. Wọ́n á dúró lẹ́nu egbò, ìrù á wú, á máa pọ́n, gẹ́gẹ́ bí oríkèé ọwọ́ Màmá ṣe ń wú láràárọ̀. Táǹkì kan ṣoṣo ni irú wọn wà láyé.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n ti di dókítà kí Ìyá Ẹlẹ́ja tó dé láàbù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ẹja náà, òun ló sì di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí Màmá wọ ilé ìwòsàn, Ẹ̀gbọ́n ní kó máa lọ, òun yóò bá a tọ́jú ẹja. Ó lọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tó padà, ó kó akọ àti abo inú táǹkì ìran tirẹ̀ pọ̀, wọ́n yé, ó ha ọmọ wọn nírù. Àwọn ọmọ ogun sáré dé, wọ́n yí padà, egbò jiná kíá. Inú ẹlòmíràn ìbá dùn, tirẹ̀ bà jẹ́. Ó tún un ṣe, egbò tún jiná. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó pààrọ̀ omi, díẹ̀ ló kù kó pààrọ̀ ojú ara rẹ̀. Ọ̀gá tó ni láàbù pe ìpàdé, ó ní àbí ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń sọ pé òun rí tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó ń retí kó gbè é.

"Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ mọ̀ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá."

Gbogbo wọn mi orí. Ojú ti Ìyá Ẹlẹ́ja débi pé ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ìpàdé, pé ó bá òun bo àṣírí.

Kí ni ẹni tí wọ́n ní kò mọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí yóò ṣe? Ó gé ṣóńṣó lẹ́bẹ́ àwọn òbí ẹja náà, èyí tí yóò tún hù padà, ó fi yẹ ìran wọn wò. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ẹja lásán ni, ẹja inú táǹkì ẹ̀gbẹ́, tí ẹnì kan kó sábẹ́ káàdì orúkọ ìran náà, tí Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́ ara táǹkì.

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé. Ó bá Ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń fọ àwọ̀n, ó bi í pé ẹja òun dà. Ẹ̀gbọ́n kò jiyàn. Ó ní òun ti omi táǹkì náà pa nígbà tí òun fẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n pe òun lórí fóònù, òun sì gbàgbé láti ṣí i padà. Ìgbà tí òun fi dé lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti léfòó. Ẹ̀rù ló ba òun tí òun fi kó òmíràn síbẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ikú ẹja kọ́ ló dùn mí," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Ta ni kì í gbàgbé? Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sí ìpàdé yẹn, ẹ mọ̀ pé ojú mi ò tàn mí, ẹ wá ní ó rẹ̀ mí."

"Mo rò pé wàá kàn fi í sílẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn."

"Mo sì tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì gba ọpẹ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá bẹ Ìyá Ẹlẹ́ja, ó ní òun gbà á gbọ́ báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Ọ̀gá kò lè yé ẹyin. Ìran ẹja náà ti parun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́ja yọ káàdì náà kúrò lára táǹkì, ó sì fún àwọn ẹja aláìṣẹ̀ yẹn lóúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán wọn dání bó ṣe máa ń gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. Láti ọjọ́ tó ti dé láàbù, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.